Bí Ó Bá Fún Ọ, Jẹ Ẹ́: Ìrírí Mi Lórí Eré Àfarawé àti Pínpín Láàárín Àwọn Ọmọ Kékeré

Ìdánwò kan wà tí àwa àgbà fẹ́ràn láti máa ṣe fún ọmọ kékeré. Ọmọ ń jẹ bísíkíìtì rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́, a na ọwọ́ sí i, a ní, "Fún mi jẹ." Ọmọ á wo ojú wa, á wo bísíkíìtì, á kán an fún wa. Inú wa á dùn, a ó ní, "O káre láé! Ọmọ mi kì í ṣe ahun," a ó sì dá bísíkíìtì náà padà sí i lọ́wọ́. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì dé ilé Yorùbá kan tí wọn kì í ti í ṣe é. Wọ́n ṣe é fún èmi náà lọ́mọdé, mo sì yege.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n rí ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí nílùú Ìbàdàn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi. (Orúkọ tí mo máa pè wọ́n níhìn-ín kì í ṣe orúkọ wọn, oríkì ni mo fi bò wọ́n láṣìírí.) Àkàndé, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, mú gúgúrú wá lọ́jọ́ kan. Ó bu díẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ dà á sẹ́nu. Igbe tí Àkàndé fi bọ ẹnu kì í ṣe kékeré. "Ó jẹ ẹ́! Àǹtí, ó jẹ ẹ́!" Àbẹ̀kẹ́ ni kò mọ òfin eré. Lójú Àkàndé, wọ́n máa ń fi fúnni ni, wọ́n á dá a padà, oníǹkan á wá gba oríyìn. Ọmọ yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìyìn. Kò tíì mọ̀ pé ẹni tó bá pín nǹkan, nǹkan tirẹ̀ á dín kù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé kí a pàṣẹ. "Pín fún un kíá! Ṣé ìwọ nìkan ló lẹ́nu ni?" Ọmọ á pín, ojú rẹ̀ á ti fà ro, ọwọ́ kejì á di èyí tó kù mú gírígírí. Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ ìdí ló máa fi bísíkíìtì tirẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tó sunkún gbà á náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀, pé kí igbe ṣáà ti pọ̀. Ní ọdún 2013, Nadia Chernyak àti Tamar Kushnir tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Wọ́n mú ọmọláńgidi ajá kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́ wá síwájú wọn. Wọ́n fi ọmọ kan sílẹ̀ pé kó fúnra rẹ̀ yàn bóyá òun á fún ajá náà ní sítíkà tàbí òun á mú un fún ara òun. Wọ́n pàṣẹ fún ọmọ mìíràn pé dandan ni kó fún un. Nígbà tí ọmọláńgidi mìíràn wá dé lẹ́yìn náà, àwọn tó ti fúnra wọn yàn láti fi nǹkan wọn sílẹ̀ ló pín fún un jù. Nígbà tí mo kà á, ojú Àkàndé ni mò ń rí.

Eré àfarawé ni mo yà sí. Kì í ṣe ohun tí wọ́n kó dé láti ìlú òyìnbó o. Ẹ̀yìnkùlé wo ni ọmọdé ò ti fi agolo mílíìkì se yanrìn rí? Ọ̀kan á jẹ́ bàbá, ọ̀kan á jẹ́ ìyá, èyí tó kéré jù ni wọ́n á fi ṣe ọmọ, wọ́n á fi ìró gbà á mọ́ ẹ̀yìn títí á fi máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ewé ni ẹ̀fọ́, ẹrẹ̀ ni àmàlà, òkúta ni ẹran. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kan àwo òun, bó bá ti di bàbá nídìí ààrò yanrìn, á máa pín ẹran káàkiri bí ẹni tó pa màlúù. Lev Vygotsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, sọ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní 1933 pé nínú eré, ńṣe ni ọmọ máa ń fi orí kan ga ju ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn ọmọ tó ń se yanrìn mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ohun tí èmi fi kún eré wọn kò pọ̀. Mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, mo sì máa ń rí sí i pé nǹkan ò tó. Bí àwo bá kárí, tí ṣíbí kárí, tí oúnjẹ pọ̀ lọ súà, kò sẹ́ni tó máa kọ́ pínpín níbẹ̀, wọ́n á kàn ṣeré wọn ni, ìyẹn náà ò burú.

Ẹ má fi ọmọ ọdún méjì sí i ṣá. Mildred Parten ṣàkíyèsí bí àwọn ọmọ kéékèèké ṣe ń ṣeré nílé ẹ̀kọ́ wọn ní Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1932. Ó ní àwọn tó kéré jù sábà máa ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, wọn kì í bá ara wọn ṣe é. Àwọn méjì á jókòó sórí ẹní kan, olúkúlùkù á máa da yanrìn tirẹ̀, bí ẹni pé èkejì kò sí níbẹ̀. Agolo méjì ni mo máa ń wá fún irú wọn. Kò sí ohun tí mò ń jà fún níbẹ̀.

Eré tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni ti ìyá alákàrà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, nítorí ilẹ̀ kì í mọ́ ní àdúgbò wa kí òórùn àkàrà má ti gba gbogbo òpópónà. Pákó pélébé-pélébé tí káfíńtà gé dànù ni àkàrà, bébà tí a gé ni owó, ewé la fi ń wé e. Àkàrà á jẹ́ mẹ́rin, oníbàárà á jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Èmi náà á tò, ẹ̀yìn pátápátá ni mo sì máa ń tò sí.

Nígbà tí ó kan Àjọkẹ́ láti ta àkàrà, ó ta méjì, ó ki méjì tó kù bọ abẹ́ ìró. Ó kàn mí. Mo ní, "Ìyá alákàrà, ẹ kú ọjà o. Àkàrà ńkọ́?" Ó ní ó ti tán. Mo ní, "Èyí tó wà lábẹ́ ìró yín ńkọ́?" Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú: "Ti ọkọ mi nìyẹn."

Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an sì ni olùkọ́ ti máa ń ba eré jẹ́. Bí mo bá ní, "Àjọkẹ́, ìyẹn ò dáa, pín fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ," ọjà ti tú nìyẹn. Ìyá alákàrà á parẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Àǹtí ń bá wí ló máa kù. Inú eré ni mo ti máa ń sọ tèmi. Mo gbá ọmọláńgidi mọ́ra, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá alákàrà, ọmọ mi ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Ẹ wo bó ṣe ń sunkún." Àjọkẹ́ wo ọmọláńgidi náà títí. Ó yọ àkàrà kan. Ó tún rò ó wò, ó fi ọwọ́ gé e sí méjì, nítorí pákó kò ṣe é kán, ó ní, "Kí ọmọ jẹ ibí yìí. Kí ọkọ mi jẹ ibí yìí."

Mo fi sẹ́nu ọmọláńgidi náà, mo ní ó jẹ ẹ́ tán, mo nu ẹnu rẹ̀, mo gbé pákó yẹn jù sínú àpò. Mi ò dá a padà. Àjọkẹ́ na ọrùn láti wo inú àpò náà, ó wá yí ojú rẹ̀ sí ọmọláńgidi tó ti dákẹ́ ẹkún. Òfin tí kò ṣeé yẹ̀ nínú àwọn eré wa nìyẹn: ohun tí wọ́n bá fúnni, wọ́n á jẹ ẹ́, á sì tán. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí i pé ó lọ, kó sì rí ẹni tó jẹ ẹ́ tí ara rẹ̀ yá.

Lẹ́yìn náà la wá pààrọ̀ ipò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà jù. Àjọkẹ́ di oníbàárà tó kẹ́yìn, àkàrà tán mọ́ ọn lójú, inú bí i gan-an. Mo ti wá ṣàkíyèsí pé ọmọ tí irú ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀ sí, bó bá tún di alákàrà, ó máa ń kọ́kọ́ ka orí àwọn tó tò kó tó tà. Mi ò kọ́ wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún Àjọkẹ́ pé kó kà wọ́n.

Bí eré bá máa ní ahun nínú, èmi ni mo máa ń jẹ́ ahun. Mi ò gbé e fún ọmọ kankan. Orúkọ burúkú a máa lẹ̀ mọ́ ọmọdé: ẹni tó bá ṣe ahun nínú eré láàárọ̀, wọ́n á ti máa pè é ní ahun bí oòrùn bá fi kanrí. Èmi ò bìkítà, ẹ pè mí ní ahun. Wọ́n ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá nílé, wọ́n mọ irú ẹni tí mo jẹ́ bí mo bá ti gbé ìkòkò yanrìn mọ́ àyà, tí mo ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò wọ́n. Àwọn á jókòó bí àgbààgbà ìlú, wọ́n á dá ẹjọ́ mi.

Ìdájọ́ wọn le. "Kí wọ́n nà án!" ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Òmíràn á ní kí n kúnlẹ̀ kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tọ́ka sí ilé tí ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan ti wá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá nà mí tán, ṣé ebi ò ní ṣì máa pa ọmọ yẹn?" Wọ́n wo ara wọn. Àlàó, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ló dá mi lóhùn: "Kó lọ se òmíràn fún un." Mo lọ se é. Mo ti jókòó níbi tí àwọn àgbà gidi ti ń parí ìjà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Òfin ilé wa kan wà tí mo gbé wọ inú eré, àwọn tó bá jẹun nínú àwo kan náà rí á mọ̀ ọ́n: ẹni kékeré ló ń pín, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Àwọn tó dá a sílẹ̀ gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ń fojú wọn ẹran dọ́gba bí ọmọ tó mọ̀ pé èyí tó bá ṣẹ́kù ni tòun. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé nílé, àgbà kì í yí padà. Bí ọwọ́ àbíkẹ́yìn bá wá yà láti pín, egungun ló máa jẹ títí á fi kúrò nílé. Nínú kíláàsì tí gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, fìlà ni mo fi yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá dé fìlà lónìí ni àgbà, òun ló máa kọ́kọ́ mú. Ẹni tí kò dé fìlà ló máa pín. Amọ̀ ni ẹran. Fìlà á sì máa ti orí kan bọ́ sí òmíràn títí eré á fi parí. Àkàndé tó ń ké nítorí gúgúrú, òun ló fi ìka méjì wọn amọ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, tó bu díẹ̀ níbí lẹ̀ ẹ́ mọ́ tọ̀hún, tó yọ ahọ́n jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí aránṣọ. Fìlà wà lórí Àbẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà, Àkàndé kò sì fẹ́ kó rí èyí tó tóbi mú.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni eré Micra, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe takisí ní Ìbàdàn. Ará Ìbàdàn ò nílò àlàyé: ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Bódìjà, awakọ̀ kò ní ṣénjì, ó na igba náírà kan sí ẹ̀yin àti ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí, ó ní, "Ẹ jọ lọ ṣẹ́ ẹ," ó sì ti lọ. Ẹ̀yin àti àjèjì yẹn ti di ìbejì nìyẹn, títí ẹ ó fi rí ẹni tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ. Orí itan ìyá wọn ni àwọn ọmọ yìí ti ń wò ó.

A to àga, a yan awakọ̀ àti èrò. Awakọ̀ gbé bébà kan fún Àlàó àti Àbẹ̀kẹ́. Olúkúlùkù di etí kan mú, kò sẹ́ni tó jẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ni Àlàó bá ya á sí méjì, ó ní, "Gba tìẹ." Ó dọ́gba, ẹ ò lè bá a jiyàn. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Àjọkẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, Àjọkẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní, "Owó tó ti ya, mi ò gbà á." Ojú wọn wálẹ̀. Mo kó ara mi ní ìjánu, mi ò dá sí i. Wọ́n wá gọ́ọ̀mù lọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Nígbà tí a tún un ṣe, kò sẹ́ni tó ya owó mọ́: Àlàó di owó mú, Àbẹ̀kẹ́ di ẹ̀wù Àlàó mú, ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí títí dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù ni wọ́n ń dì mú.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ti àkàrà. Àkàrà tí o bá fúnni ti lọ. Kẹ̀kẹ́ á padà wá, kìkì pé o máa dúró dè é. Ìdúró yẹn ló le fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan ṣoṣo la ní. Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo ti rí ọgbọ́n mú. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé bí omi kò bá tíì dé, kẹ́ẹ̀gì ló máa ń tò, ẹni tó ni ín á ti lọ ṣe nǹkan mìíràn, kò sì sẹ́ni tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ láìjà. A ṣe eré ẹ̀rọ omi títí ó fi mọ́ wọn lára. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, bàtà wọn ni wọ́n ń tò. Ọmọ lè lọ se yanrìn tirẹ̀, bàtà rẹ̀ ń bá a dúró. Láti mọ ìgbà tí ẹnì kan máa sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á jọ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta dé ogún. Wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe màgòmágó: bí ọ̀rẹ́ wọn bá wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa fà á nílẹ̀, bí kì í bá ṣe ọ̀rẹ́, ogún á ti dé kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kan pẹ́dàlì. Mo ń fi ọwọ́ lu tábìlì fún wọn báyìí kí ìró rẹ̀ lè dọ́gba. Ànfààní tí n kò wá ni pé àwọn tí kò lè kọjá ẹ̀wá nídìí pátákó ti ń kà dé ogún láìkọsẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo ń rí léraléra. Bí mo bá fúnra mi po amọ̀ kí wọ́n tó dé, tí mo gbé e síwájú wọn, ìjà á ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ bu omi, tí wọ́n jọ gbé e, tí wọ́n jọ pò ó, wọ́n á pín in láìsí adájọ́. Ìwádìí kan jáde nípa irú rẹ̀ ní 2011, èyí tí Katharina Hamann, Felix Warneken, Julia Greenberg àti Michael Tomasello ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ méjì tó jọ fa okùn kí ẹ̀bùn tó dé ọwọ́ wọn máa ń pín in dọ́gba ju àwọn tó kàn bá a níbẹ̀ lọ. Mo ti wá ń jẹ́ kí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ tó ṣáájú eré, ì báà pẹ́, ì báà dọ̀tí. Àwọn tó ń fọ ẹní ilé ẹ̀kọ́ wa ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Èdè náà ní ipa tirẹ̀. Wọ́n ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, mo sì ń sọ ọ́ nígbà tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n bí eré bá wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní kò ju "mine" àti "give me" lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá kí ẹ gbọ́ "ẹ jọ̀wọ́," "ẹ bá mi dín in," "ẹ fi ènì sí i," "ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Ènì yẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan: o ti gba owó rẹ tán, o tún bù sí i, kò sẹ́ni tó fi ipá mú ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà. Mi ò ní tún ìjà yẹn jà níhìn-ín. Ohun tí mo ń wí ò ju pé ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè fi èdè tí kò ní lẹ́nu bẹ̀bẹ̀.

Àwọn òbí wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiwọn díjú. Ìyá kan náà tó fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ ọ́n pín ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí á di etí ọmọ mú, "O ò gbọdọ̀ gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o!" Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, mo mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ẹ̀pà lásán lè dá wàhálà sí lára. Ìdí nìyí tí gbogbo oúnjẹ inú eré wa fi jẹ́ yanrìn, pákó àti amọ̀. Oúnjẹ gidi kan ṣoṣo tí a jọ ń pín ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi rà, lẹ́yìn tí òbí kọ̀ọ̀kan ti gbà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í kárí, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo máa ń bẹ àwọn òbí ni pé bí ọmọ bá fún wọn ní nǹkan, kí wọ́n jẹ ẹ́. Kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, kí wọ́n gbé e mì, kí wọ́n dúpẹ́. Ìyá àgbà kan tó ń wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi mí ṣẹ̀sín: "Tíṣà, ta ló fẹ́ jẹ itọ́ ọmọdé?" Mo ní, "Mà, ẹ má bèèrè nígbà náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú ọmọ lọ. Ìmọ̀ràn yẹn ṣì wà ní tèmi: bí ẹ ò bá ní jẹ ẹ́, ẹ má na ọwọ́.

Ibì kan wà tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn olùkọ́ mìíràn, a sì ti jiyàn lé e lórí. Mo gbà pé àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ kò gbọdọ̀ pín bí kò bá wù ú. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń gbé gèlè ìyá rẹ̀ kiri, èyí tí ìyá náà fi sílẹ̀ nígbà tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun. Gèlè yẹn kì í wọ inú eré. Àwọn kan ní ó ń kọ́ ọmọ náà ní ìmọtara-ẹni-nìkan. Mo bi wọ́n bóyá àwọn náà á yọ fóònù àwọn sílẹ̀ kí n máa lò ó dé ọ̀la. A ní selífù kan tí nǹkan orí rẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ọmọ lè gbé ohun tirẹ̀ síbẹ̀ bó bá wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí selífù yẹn ti wà, àwọn nǹkan tó kù kì í fa ìjà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé eré yìí ń sọ ọmọ di ẹni mímọ́. Craig Smith, Peter Blake àti Paul Harris tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2013 tó fi hàn pé ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá lè sọ fún yín pé ó yẹ kí òun pín nǹkan dọ́gba. Bó bá wá di pé kó pín in lóòótọ́, èyí tó pọ̀ ló máa mú. Ó di nǹkan bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ kí ọ̀rọ̀ àti ìṣe tó pàdé. Àkókò ọjọ́ náà sì ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá gbé eré àkàrà sí nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, nígbà tí ebi gidi ti ń pa wọ́n, ìjà gidi lẹ máa rí. Kété lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni tèmi. Mi ò kì í kó ju ọmọ mẹ́fà sínú eré kan. Bí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó lẹ́nu á gba ọjà, irú Àlàó á kàn di òǹwòran.

Ìyá Àkàndé wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó ní wọ́n ń ròyìn Àkàndé fún òun nílé ẹ̀kọ́ pé ó ń pín nǹkan, àmọ́ nílé, àbúrò rẹ̀ ò gbọdọ̀ fojú kan bọ́ọ̀lù rẹ̀. Mo ní kó máa bá wọn ṣe eré náà nílé: kí Àkàndé jẹ́ ìyá, kí òun alára jẹ́ àbúrò tó ń sunkún, kí àbúrò jẹ́ ẹni tó ni bọ́ọ̀lù. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, bí Àkàndé bá wá di ìyá, ta ló máa dáná alẹ́?"